Alùpùpù Àlòkù àti Àtúnṣe Kabúrétọ̀ ní Ailegun

Alùpùpù àlòkù ni alùpùpù tí ẹnìkan ti gùn kí ó tó tà á fún ẹlòmíràn, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n rà ní tuntun ní Nàìjíríà tàbí tòkunbọ̀ tí ó ti òkè òkun dé. Kabúrétọ̀ sì ni ẹ̀yà ara rẹ̀ tí ń po epo bẹntiróòlù mọ́ atẹ́gùn kí ó tó wọ inú ẹ́ńjìnnì lọ jóná. Ní Ailegun, tí ó wà ní ìhà Èjìgbò lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Oṣòdì-Ìsọlọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí níbi gbogbo tí wọ́n ti ń ta alùpùpù, kò sí àléébù tí ẹni tí ń tajà máa ń tètè jẹ́wọ́ tó ti kabúrétọ̀, nítorí pé létí oníbàárà òun ni ó dún bí àìsàn kékeré. Gbólóhùn náà, "kabúrétọ̀ nìkan ló ń dà á láàmú", lè jẹ́ òtítọ́, ó sì lè jẹ́ aṣọ tí wọ́n fi bo egbò mìíràn mọ́lẹ̀, iṣẹ́ ẹni tí ń rà á sì ni láti mọ èyí tí ó jẹ́ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Orúkọ alùpùpù fúnra rẹ̀ ń gbé ìró ẹ́ńjìnnì jáde, àwọn àgbà sì máa ń pè é ní máṣíìnì. Ọ̀kadà ni wọ́n ń pe èyí tí ń gbé èrò fún owó, orúkọ tí wọ́n yá lọ́wọ́ Okada Air, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, nítorí pé lójú ẹni tí ó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, ẹni tí ó gun alùpùpù kọjá kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó fò. Àwọn àlòkù tí ó ti kọjá lórí títì Èkó jẹ́ ìran méjì. Ti àwọn ará Japan ni ó ṣáájú, pàápàá Honda CG125 tí ó jáde ní ọdún 1976, ọdún mẹ́ta ṣáájú kí Honda tó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀tà, àti Suzuki AX100 tí ilé-iṣẹ́ Jincheng ti ilẹ̀ Ṣáínà ṣe irú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ti àwọn ará Íńdíà, Bajaj Boxer àti TVS, gba ìgboro. Ìyàtọ̀ kan wà láàárín wọn tí ó kan ọ̀rọ̀ yìí gan-an: AX100 máa ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo bẹntiróòlù, nítorí náà èéfín rẹ̀ kì í ṣe àìsàn, ṣùgbọ́n Boxer àti CG125 ní àyè ọ́ìlì tiwọn lọ́tọ̀, èéfín ọ́ìlì tí ó bá sì ń jáde ní sàlẹ́nsà wọn sábà máa ń sọ pé ríìǹgì ti jẹ tán, ohun tí kabúrétọ̀ tuntun mẹ́wàá kò lè wò sàn.

Òfin ìrìnnà ni ó sọ irú alùpùpù tí ń dé ọjà àlòkù ní agbègbè yìí di ohun tí ó jẹ́. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2012 ti kọ́kọ́ lé ọ̀kadà kúrò ní àwọn títì ńláńlá. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2020 àti oṣù Òkúdù ọdún 2022, ìjọba fòfin dè é ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, lára wọn Ìkẹjà àti Sùúrùlérè. Nígbà tí ó sì di ọjọ́ kìíní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún 2022, òfin náà dé Oṣòdì-Ìsọlọ̀, Mushin, Ṣómólú àti Kòsọ́fẹ́, tí ó fi kan Èjìgbò àti Ìsọlọ̀ tí wọ́n jẹ́ agbègbè ìdàgbàsókè lábẹ́ Oṣòdì-Ìsọlọ̀. Ẹni tí ó ń fi ọ̀kadà jẹun ní láti gbé e lọ sí ibi tí òfin kò dé, tàbí kí ó tà á, tàbí kí ó fi í ti ògiri ẹ̀yìnkùlé kí ó máa retí ọjọ́ tí nǹkan yóò yí padà. Àwọn tí ń fi alùpùpù alápòótí kó ẹrù kiri, tí ará Èkó ń pè ní dísípáàṣì, wà lára àwọn tí ń wá irú èyí tí wọ́n tà bẹ́ẹ̀ rà. Ọgbọ́n àwọn mọkálíìkì sì ni pé alùpùpù tí ń rìn lójoojúmọ́ kì í sábà ní àìsàn kabúrétọ̀ tó èyí tí ó dúró sójú kan. Èyí tí wọ́n fi ti ògiri fún oṣù mẹ́jọ ni epo inú rẹ̀ máa ń fẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀, tí yóò sì ku gèdẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ó lẹ̀ bí oje igi.

Kí ìdí èyí tó yé ni, ó yẹ kí a mọ bí kabúrétọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí písítìnì inú ẹ́ńjìnnì bá sọ̀kalẹ̀, ó ń fa atẹ́gùn gba inú ihò kabúrétọ̀, ihò yìí sì fún ní àárín, bẹ́ẹ̀ ni ó rí gẹ́lẹ́ pẹ̀lú ọyẹ́ tí ń fẹ́ kíkankíkan ní àlàfo tóóró tí ó wà láàárín ilé méjì. Ibi tí atẹ́gùn bá ti ń sáré jù ni agbára tí ó fi ń tẹ nǹkan ti ń dín kù, gẹ́gẹ́ bí Giovanni Battista Venturi, onímọ̀ ará Ítálì tí ó gbé ayé láti 1746 sí 1822, ti ṣàlàyé rẹ̀ lórí omi inú páìpù. Ìdínkù yìí ni ó ń fa epo sókè láti inú agolo kékeré tí ó wà nísàlẹ̀ kabúrétọ̀. Nínú agolo náà ni fúlóòtì wà, ohun fífúyẹ́ tí ó léfòó lórí epo, tí ó sì ń ti abẹ́rẹ́ kan dí ẹnu ọ̀nà nígbà tí epo bá pé ìwọ̀n, gẹ́gẹ́ bí bọ́ọ̀lù inú táńkì omi ṣe ń ti omi. Epo ń gba inú jẹ́ẹ̀tì kọjá, èyí tí í ṣe ìṣó idẹ oníhò tín-ín-rín: jẹ́ẹ̀tì kékeré ni ó ń bọ́ ẹ́ńjìnnì nígbà tí alùpùpù bá dúró tí ó ń jó lórí sìló, jẹ́ẹ̀tì ńlá ni ó ń bọ́ ọ nígbà tí ẹni tí ń gùn ún bá fún un níná tán, abẹ́rẹ́ gígùn tí ó so mọ́ ọmọ-odó tí wáyà iná ń fà sókè ni ó sì ń ṣe àkóso ohun tí ó wà láàárín méjèèjì. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, nǹkan bí ìwọ̀n 14.7 atẹ́gùn ni ó ń bá ìwọ̀n epo kan wọlé. Epo tí ó bá pọ̀ ju èyí lọ púpọ̀ ń mú èéfín dúdú jáde, ó sì ń sọ púlọ́ọ̀gì di dúdú bí ìdí ìkòkò. Èyí tí ó bá kéré ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná, a máa yìnbọn ní sàlẹ́nsà, ẹnu púlọ́ọ̀gì a sì funfun.

Ọ̀tá kabúrétọ̀ ni omi, ìpẹtà àti ìdọ̀tí, inú táńkì sì ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá. Táńkì tí epo rẹ̀ kò kún máa ń làágùn nínú, òógùn náà a rọ̀ sísàlẹ̀ nítorí pé omi wúwo ju bẹntiróòlù lọ, ibẹ̀ ni ìpẹtà sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó jẹ́ ohun tí ó ń pani lẹ́rìn-ín díẹ̀ pé Èjìgbò, níbi tí ilé-iṣẹ́ epo NNPC ní ibùdó ìkópamọ́ epo, kò bọ́ lọ́wọ́ títò fún epo nígbà tí ọ̀wọ́n rẹ̀ bá dé, irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni epo inú kẹ́ẹ̀gì tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn sì máa ń wọ táńkì ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2022, epo tí wọ́n kó wọlé láti òkè òkun tí mẹ́tánọ́ọ̀lù, ìyẹn irú ọtí olóró kan, pọ̀ jù nínú rẹ̀ dé ọjà ní Nàìjíríà. Mẹ́tánọ́ọ̀lù ń fa omi mọ́ra, a sì máa jẹ rọ́bà àti irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àwọn ohun tí ó pọ̀ nínú kabúrétọ̀.

Àyẹ̀wò kí a tó ra alùpùpù àlòkù kò gba ju wákàtí kan lọ, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì ni kí oníbàárà gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì kí ẹnikẹ́ni tó tan án. Bí ó bá ti gbóná, ẹni tí ń tajà ti tan án sílẹ̀ de àlejò, ó sì yẹ kí oníbàárà sọ pé òun yóò padà wá nígbà tí ó bá tutù, nítorí pé ìgbà tí ó tutù ni kabúrétọ̀ ń sọ òtítọ́. Alùpùpù tí ó jó kìkì nígbà tí ṣóòkì, ìyẹn ìdérí tí ń dín atẹ́gùn kù, wà ní títì, tí ó sì ń kú bí wọ́n bá ti ṣí i, jẹ́ èyí tí jẹ́ẹ̀tì kékeré rẹ̀ ti dí, tàbí èyí tí atẹ́gùn ń jò wọ̀ ní rọ́bà tí ó so kabúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí omi díẹ̀ tí wọ́n wọ́n sí rọ́bà náà bá yí ohùn ẹ́ńjìnnì padà, ibẹ̀ ni ó ti ń jò. Ó yẹ kí ó fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ kí ó gbóòórùn rẹ̀: bí ó bá ń rùn bí bẹntiróòlù, epo ti ṣàn gba inú kabúrétọ̀ wọ ẹ́ńjìnnì, ó sì ti sọ ọ́ìlì di omi, àwọn irin inú lọ́hùn-ún sì lè ti máa ha ara wọn. Bí wọ́n bá tẹ kíìkì tí ó rọ̀ bí ẹni tẹ ẹ̀kọ, agbára písítìnì ti lọ, ọ̀rọ̀ kabúrétọ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára irin alùpùpù gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé rẹ̀ mu, kí rìsíìtì sì wà, nítorí pé lẹ́yìn òfin ọdún 2022 àwọn agbófinró gba alùpùpù púpọ̀, wọ́n sì fọ́ èyí tí ó ju 2000 lọ túútúú ní oṣù Òkúdù ọdún náà nìkan.

Àtúnṣe fúnra rẹ̀ rọrùn lójú, ṣùgbọ́n ọwọ́ jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Mọkálíìkì a ti táàpù epo, a tú síkúrúù méjì tí ó di kabúrétọ̀ mú, a da epo inú agolo rẹ̀ sínú abọ́ funfun kí ó lè rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀: ẹ̀kán omi a máa yí kiri lábẹ́ epo bí ojú ẹja, ìpẹtà a sì jókòó bí àtíkè pupa. Yóò wá gbé fúlóòtì sétí kí ó mì ín, nítorí pé bí epo bá ń ró nínú rẹ̀, ó ti lu, kò lè léfòó mọ́, ìyẹn ni ó fà á tí epo fi ń kán sílẹ̀ ní gbogbo òru. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí ọmọ iṣẹ́ já fọ́nrán kan lára wáyà bíréèkì kí ó fi gún jẹ́ẹ̀tì; idẹ rọ̀ ju irin lọ, ihò náà a fẹ̀ díẹ̀ tí ojú kò lè rí, láti ọjọ́ náà alùpùpù yóò sì máa mu epo bí ọ̀mùtí. Ohun tí ó tọ́ ni kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú bẹntiróòlù tí ó mọ́, kí wọ́n sì gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà tí ń lẹ táyà kí ó fi ẹ̀rọ atẹ́gùn rẹ̀ fẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi là á já. Bí wọ́n bá tò ó padà, síkúrúù atẹ́gùn ni wọ́n ń dì jẹ́jẹ́ tí yóò fi kanlẹ̀, kí wọ́n tó tú u padà ní nǹkan bí yíyí kan sí méjì, tí wọ́n yóò sì máa fetí sí ẹ́ńjìnnì bí onílù ṣe ń wá ohùn gángan, títí yóò fi jó geere. Kabúrétọ̀ tí wọ́n fọ̀ láìfọ táńkì yóò padà wá láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń da òkúta wẹ́wẹ́ àti epo sínú táńkì, tí wọ́n ń mì ín títí ìpẹtà yóò fi ṣí.

Ní ti ẹ̀yà ara, Nnewi ní Ìpínlẹ̀ Anambra ni ọjà ńlá tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Nọ́ńbà wà lára jẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá pọ̀ ni ihò rẹ̀ tóbi, ẹni tí ó bá sì ra ayédèrú lè rí nọ́ńbà tí ó tọ́ lára ihò tí kò tọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe pàtàkì tó báyìí tẹ́lẹ̀. Láti ìparí oṣù Èbìbí ọdún 2023, tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan sì fò sókè sí ₦488 ní Èkó, kabúrétọ̀ tí ń da epo ṣòfò ti di gbèsè ojoojúmọ́. Ní Íńdíà, òfin èéfín tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Igbe ọdún 2020 ti mú kí àwọn alùpùpù tuntun fẹ́rẹ̀ẹ́ pa kabúrétọ̀ tì pátá fún ẹ̀rọ tí ń fi iná mànàmáná wọn epo sínú ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n Boxer tí wọ́n ń ṣe fún ọjà Áfíríkà ṣì ń gbé kabúrétọ̀ bọ̀, ọmọ iṣẹ́ tuntun ní ṣọ́ọ̀bù mọkálíìkì sì ṣì ń fi abọ́ epo àti búrọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀.