Nọ́ńbà Tí Wọ́n Fi Ń Ṣọ́ Ọkàn

Ní ọdún 1807, ní ìlú London, Humphry Davy gbé iná mànàmáná gba inú pọ́táàṣì kọjá. Nǹkan kan tó ń dán bíi fàdákà yọ jáde, òmíràn nínú rẹ̀ sì gbiná lójú ẹsẹ̀. Ara pọ́táàṣì yẹn ni Davy ti fa orúkọ yọ fún un: pọtásíọ̀mù. Àwọn ìyá wa tó ń ṣe ọṣẹ dúdú mọ pọ́táàṣì bí ẹní mowó. Òun ló wà nínú omi eérú èèpo kòkó àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń sẹ́. Káún tí à ń fi se ewédú kì í ṣe òun o, bí wọ́n tilẹ̀ ń fi èdè Òyìnbó pè é ní potash lọ́jà. Sódíọ̀mù ló pọ̀ jù nínú káún.

Kí ló wá kan ọkàn ènìyàn nínú ọ̀rọ̀ eérú?

Sydney Ringer, dókítà ní University College London, ló bá wa dáhùn. Láàárín 1882 sí 1883, ó ń wá omi oníyọ̀ tí ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n ti yọ kúrò lára lè máa lù nínú rẹ̀. Ó rí i, ọkàn náà lù dáadáa, Ringer sì kọ ọ́ jáde. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló hàn pé omi ẹ̀rọ London ni wọ́n fi po iyọ̀ náà, kálísíọ̀mù sì wà nínú omi ẹ̀rọ. Nígbà tó lo omi tó mọ́ gaara, ọkàn náà dákẹ́. Ringer kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́, ó tún un ṣe ní gbangba. Ó wá rí i pé bó bá jẹ́ kálísíọ̀mù nìkan, ọkàn á sún kì, kò ní lè tú ara sílẹ̀ mọ́. Pọtásíọ̀mù ló ń bá a dọ́gba. Àmọ́ tí pọtásíọ̀mù bá ti pọ̀ jù, ọkàn á dúró. Ẹni tó bá ti rí dírípù tí wọ́n kọ Ringer's Lactate sí lára ní ọsibítù ti rí orúkọ bàbá yìí.

Ohun tí bàbá yẹn rí lára ọ̀pọ̀lọ́ ni àwọn dókítà ń bẹ̀rù lára ènìyàn títí dòní. Inú sẹ́ẹ̀lì ni èyí tó pọ̀ jù nínú pọtásíọ̀mù ara wa ń gbé. Díẹ̀ bíńtín ló wà nínú ẹ̀jẹ̀, láàárín 3.5 sí 5.0 mmol nínú lítà kan. Bí ìkọlù ọkàn bá dé, tí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ fún ọkàn dí, ara á tú adrenaline síta, ìyẹn á sì máa ti pọtásíọ̀mù láti inú ẹ̀jẹ̀ wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Tó bá lọ sílẹ̀ jù, ọkàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n rìrì dípò kó máa lù. Ìṣẹ́jú díẹ̀ báyìí, ó ti parí.

Torí náà, ẹ fún un ní pọtásíọ̀mù sí i, àbí? Ní Mexico, Demetrio Sodi-Pallares gbé àpòpọ̀ glúkóòsì, ínsúlíìnì àti pọtásíọ̀mù jáde ní 1962. Wọ́n jiyàn lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó tó di pé wọ́n dán an wò lára 20,201 aláìsàn. Èsì jáde ní 2005: kò dín ikú kù rárá.

Ìlànà mìíràn ti wà nínú ìwé ìtọ́ni àwọn dókítà tẹ́lẹ̀: kí pọtásíọ̀mù ẹni tó ní ìkọlù ọkàn máa wà láàárín 4.0 sí 5.0. Ibo ni wọ́n ti rí i? Ìwádìí kéékèèké ni, èyí tí wọ́n ti ṣe kí egbòogi beta-blocker àti ìtọ́jú tó ń ṣí iṣan tó dí tó gbòde.

Ní oṣù kìíní ọdún 2012, Abhinav Goyal ti Yunifásítì Emory ní Atlanta àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ kan jáde nínú JAMA. Wọ́n ka àkọsílẹ̀ 38,689 aláìsàn tí ìkọlù ọkàn gbé dé ọsibítù 67 ní Amẹ́ríkà láàárín 2000 sí 2008. Nínú 100 ènìyàn tí pọtásíọ̀mù wọn wà láàárín 3.5 sí 4.0, nǹkan bí 5 ló kú sí ọsibítù. Láàárín 4.0 sí 4.5, 5 náà ni. Láàárín 4.5 sí 5.0 ńkọ́? 10. Ẹ tún un wò: inú ibi tí ìwé ní kí wọ́n gbé aláìsàn dé ni 4.5 sí 5.0 yẹn wà! Ọkàn tó ń gbọ̀n rìrì tí wọ́n ń torí rẹ̀ sá gan-an, àárín àwọn tó wà nísàlẹ̀ 3.0 àti àwọn tó dé 5.0 sókè nìkan ló ti pọ̀ sí i.

A ò sọ pé pọtásíọ̀mù ló pa wọ́n o. Kíndìnrín tó ti ń ṣàárẹ̀ kì í lè lé pọtásíọ̀mù jáde bó ṣe yẹ, ẹni tó sì ní irú kíndìnrín bẹ́ẹ̀ ti sún mọ́ ewu tẹ́lẹ̀. Wọ́n ṣírò ìyẹn mọ́ ọn, ewu náà ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n kíka àkọsílẹ̀ yàtọ̀ sí dídán nǹkan wò. Lójú tiwa, ìdánilójú ni iṣẹ́ yẹn gbà lọ́wọ́ àwọn dókítà. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé dírípù pọtásíọ̀mù kọ́ fún ẹni tí tirẹ̀ wà ní 3.8, kó lè gòkè dé 4.5, ìgbàgbọ́ àtijọ́ ló ń tẹ̀lé.

Ní 2025, èsì mìíràn dé láti Denmark. Wọ́n dán an wò níbẹ̀ lára 1,200 ènìyàn tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ kékeré tó ń fi iná ta ọkàn jí sí láyà. Wọ́n fi oúnjẹ àti oògùn gbìyànjú láti gbé pọtásíọ̀mù àwọn kan lọ sí 4.5 sí 5.0: wàhálà ọkàn tàbí ikú bá 22.7 nínú 100 lára wọn. Lára àwọn tí wọn kò gbé tiwọn sókè, 29.2 ni. Ìwọ̀n kan náà tí ikú ti di ìlọ́po méjì ní Amẹ́ríkà nìyẹn! Ṣùgbọ́n àwọn ará Denmark yìí kì í ṣe ẹni tí ìkọlù ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé ọsibítù. Ilé ni wọ́n ti ń wá fún àyẹ̀wò, ó sì lé ní ọdún mẹ́ta tí wọ́n fi ṣọ́ wọn.