Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ìtàn Ojú àti Àgógó Ẹyẹ Ìṣeré Ọmọ Wa

Ẹ̀yin òbí wa ní ilẹ̀ òkèèrè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ẹyẹ aláṣọ tí ọmọ yín fi ń ṣeré, kí ẹ wo ojú rẹ̀. Ṣé bọ́tìnnì ni, ṣé ike ni, àbí òwú tí a hun? Ìbéèrè yìí lè dà bí ohun yẹpẹrẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun jíjẹ àti ohun ìṣeré. Ohunkóhun tí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ̀, ẹnu ni ó ń gbé e lọ. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sì tóóró. Ojú ẹyẹ tí ó bá já lè dí i pa kí ìyá tó sáré dé láti ilé ìdáná. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí á mọ bí ojú ohun ìṣeré ṣe kúrò ní bọ́tìnnì tí ó sì di òwú.

Ní ìlú Giengen ní ilẹ̀ Jámánì, obìnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Margarete Steiff. Àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ti bá a jà láti kékeré; kò lè rìn, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò sì lágbára, ṣùgbọ́n aṣọ rírán ni ó fi ń jẹun. Ní ọdún 1880, ó rán erin kékeré tí àwọn obìnrin yóò máa gún abẹ́rẹ́ mọ́. Àwọn ọmọdé gba erin náà lọ́wọ́ ìyá wọn, wọ́n sọ ọ́ di ohun ìṣeré. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ńlá kan ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1902, Richard, ọmọ arákùnrin rẹ̀, ya àwòrán béárì aláṣọ tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí. Ní 1931 sì ni ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí fi òwú irun àgùntàn ṣe àwọn ẹyẹ kéékèèké.

Bọ́tìnnì bàtà ni ojú àwọn béárì ìgbà náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ojú onígíláàsì gbòde, èyí tí wọ́n fi wáyà gún wọ orí ohun ìṣeré. Ó dára ní wíwò, ṣùgbọ́n òwú tí ó dì í mú ń gbó, wáyà náà sì ń yọ ṣóṣóró jáde.

Ní 1948, Wendy Boston, obìnrin tí ó ń ṣe ohun ìṣeré ní Wales, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ojú onínáílọ́ọ̀nù tí a ń yí dè láti inú, bí a ti ń yí ìdérí mọ́ ẹnu ìgò. Ní 1954, ó tún gbé béárì tí a lè jù sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ jáde. Òfin tẹ̀ lé e. Ní Amẹ́ríkà, láti January 1, 1980, a kò gbọdọ̀ ta ohun ìṣeré fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 bí ẹ̀yà kan tí ó já lára rẹ̀ bá lè wọ inú agolo ìdánwò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 31.7. Yúróòpù ṣe òfin tirẹ̀ ní 1988. Nínú ìdánwò tiwọn, agbára tí ó tó ìwúwo kílò 9 ni wọ́n fi ń fa ojú tí ó bá fẹ̀ ju mìlímítà 6 lọ.

Ibo wá ni ojú olówú ti wọlé? Ẹ jẹ́ kí á padà sí Ireland. Nígbà tí ọ̀dùnkún jẹrà lóko tí ìyàn ńlá sì bẹ̀rẹ̀ ní 1845, iṣẹ́ kíróṣéè, èyíinì ni fífi abẹ́rẹ́ oníkọ́ kan ṣoṣo hun òwú, di ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé fi jẹun. Cassandra Hand, ìyàwó àlùfáà kan ní ìlú Clones, mú olùkọ́ wá fún àwọn obìnrin ibẹ̀ ní 1847. Wọ́n ń hun òdòdó àti ewé kéékèèké lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì ń so wọ́n pọ̀ di léèsì fún títà. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni a ń lò fún ojú ẹyẹ: a ó hun ún lọ́tọ̀, a ó sì rán an mọ́ ara.

Ẹ fiyè sí èyí o. Aṣọ tí kò ní ihò ni ojú oníke tí a ń dè bá mu. Aṣọ kíróṣéè ń fẹ̀. Bí ọmọ bá ń fà á, ojú àti ìdè rẹ̀ lè gba àárín òwú yọ jáde. Nítorí náà, òwú ló yẹ ojú ẹyẹ ọmọ kékeré.

Ẹ mú abẹ́rẹ́ oníkọ́ tí ó tín-ín-rín ju èyí tí ẹ fi hun ara ẹyẹ lọ, kí iṣẹ́ náà lè ki. Ẹ fi òwú ṣe òrùka, ẹ hun kókó 6 sínú rẹ̀, ẹ fà á pa. Ní ìyípo kejì, ẹ sọ 6 di 12. Ojú kan ti parí nìyẹn. Ẹ fi òwú funfun rán tóótó kan sí i kí ó lè dán. Ní ti àgógó, ẹ fi kókó 4 bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi rí bí òkòtó. Ẹ fi ìrù òwú gígùn sílẹ̀, ẹ fi rán etí rẹ̀ yípo lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì fi abẹ́rẹ́ mú ìrù náà la inú ẹyẹ kọjá lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó gé e. Ẹ má ṣe fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi gbogbo agbára ìka yín fà á. Bí ó bá mì, ẹ tún un rán, nítorí ojú olówú pàápàá lè já.

Bí ẹ bá ń fi ṣe òwò, òfin ìlú tí ẹ ń gbé kàn yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn láti ọwọ́ ọ̀rẹ́, ohun ìṣeré tí ẹ̀gbọ́n lò kù fún àbúrò, àti èyí tí ìyá àgbà hun ránṣẹ́, kò sí aláṣẹ tí yóò wá fa ojú wọn wò nínú ilé yín. Ẹ̀yin òbí ni aláyẹ̀wò.

Àwọn baba wa gbẹ́ ọmọlangidi láti ara igi kan ṣoṣo. Ojú, imú àti ẹnu rẹ̀ jẹ́ ara igi náà. Kò sí bọ́tìnnì tí ọmọ lè tu jẹ. Ohun tí wọ́n fi igi ṣe náà ni kí á fi òwú ṣe. Ẹ tú àpótí ìṣeré ọmọ yín wò lónìí. A ó jèrè ọmọ wa o.