Maṣíìnì Ilé Tó Rán Kúílìtì

A máa ń gbọ́ ọ ní ìsọ̀ àwọn aránṣọ ní Mayfair, ní Ilé-Ifẹ̀, pé kò sẹ́ni tó lè rán kúílìtì, ìyẹn aṣọ ìbora tó lówùú nínú, àfi ẹni tó bá ní maṣíìnì ńlá. Àwọn mìíràn ní ìlà tó ń lọ́ kiri lójú aṣọ ni ọmọṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀. Èrò méjèèjì kò tọ̀nà.

Ipele mẹ́ta ni kúílìtì ní: ojú, òwú àárín, àti ẹ̀yìn. Ìrán tó so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni iṣẹ́ náà gan-an, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní ọ̀rúndún 19, ẹṣin ogun ilẹ̀ Haúsá ń wọ lífídì, aṣọ nínípọn tí wọ́n ki òwú àràbà sí nínú, tí wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán. Ní Amẹ́ríkà, Harriet Powers, tí wọ́n bí sí oko ẹrú ní Georgia ní 1837, fi ọwọ́ àti maṣíìnì rán kúílìtì Bíbélì rẹ̀ ní nǹkan bí 1886. Kúílìtì náà wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian títí dòní.

Kí ló wá ń dá ọmọṣẹ́ láàmú? Eyín maṣíìnì tó wà lábẹ́ fúùtù, ìyẹn irin tó ń tẹ aṣọ, ló ń fa aṣọ, ẹ̀yìn nìkan ló sì dì mú. Fúùtù ń tẹ ojú aṣọ mọ́lẹ̀, kò jẹ́ kó bá ẹ̀yìn rìn. Bí ìlà bá fi máa dópin, ojú aṣọ á ti hunjọ síwájú fúùtù. Ọmọṣẹ́ á ní maṣíìnì òun kò lágbára, bẹ́ẹ̀ ipele ló yẹ̀.

Ìlà títọ́ ló rọrùn jù láti fi ṣẹ́gun èyí. Kí ọmọṣẹ́ fi píìnì há ipele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí àlàfo wọn má ju ínṣì 4 lọ. Kí ó ti àárín rán lọ sí etí, kí ìrán gùn tó 3 mm, kí ó sì dín bí fúùtù ṣe ń tẹ aṣọ kù. Fúùtù kan wà tó ní eyín tirẹ̀ lókè. Ẹni tí apá rẹ̀ ká a, kó rà á. Ní ti ìlà tó ń lọ́ kiri, eyín kò ní fa aṣọ mọ́, ọwọ́ aránṣọ ni yóò máa tì í. Bí ọwọ́ àti maṣíìnì kò bá rìn pọ̀, ìrán kan á gùn, èkejì á kúrú. Iṣẹ́ ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ ti mọ́ nìyẹn.

Àyè abẹ́ apá maṣíìnì ilé kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò di dandan kí odindi aṣọ ìbora gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ wo aṣọ òfì Ìsẹ́yìn: ínṣì 4 sí 6 ni ìbú rẹ̀, síbẹ̀ tí wọ́n bá rán an pọ̀, ó di agbádá. Bákan náà ni kí ọmọṣẹ́ rán kúílìtì ní ègé oníínṣì 12, kí ègé kọ̀ọ̀kan ti pé ipele mẹ́ta, kó tó so wọ́n pọ̀.

Ìlà títọ́, lórí ègé kéékèèké: ọ̀nà tó yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹ má tíì náwó sórí maṣíìnì ńlá. Ẹ fi àgékù àńkárá àti bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ bẹ̀rẹ̀.