Ẹjọ́ Parí, Ìjà Kò Tán: Ẹ̀kọ́ Àlàáfíà ní Kaduna

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Ìtàn Kaduna jẹ́rìí sí òwe yìí.

Ní oṣù kejì ọdún 1992, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Zangon Kataf láàárín àwọn Hausa àti àwọn Atyap, tí àwọn mìíràn ń pè ní Kataf. Ọjà tí ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ gbé kúrò níbi tó wà ló dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti oyè ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, ìjà náà tún bẹ̀rẹ̀, ó sì ràn dé ìgboro Kaduna, níbi tó ti di ti Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló bá a lọ.

Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ adájọ́ kalẹ̀. Ní 1993, wọ́n dájọ́ ikú fún Ọ̀gágun-fẹ̀yìntì Zamani Lekwot àti àwọn mìíràn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n. Ẹjọ́ parí, ṣùgbọ́n inú kò yọ́.

Àwọn méjì tí ìjà náà pa lára ló gba ọ̀nà mìíràn. Pásítọ̀ James Wuye pàdánù ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ní 1992. Ìmáàmù Muhammad Ashafa pàdánù olùkọ́ rẹ̀ àti ìbátan méjì. Ẹ̀san ni àwọn méjèèjì kọ́kọ́ ń wá. Ní 1995, wọ́n para pọ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀. Wọ́n ń kó àwọn ọ̀dọ́ tó ti dojú ìjà kọ ara wọn jọ, wọ́n ń fi Kùránì àti Bíbélì kọ́ wọn ní ìdáríjì, kálukú sì ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn ẹnìkejì.

Ìjà tún ṣẹlẹ̀ ní 2000 lórí ọ̀rọ̀ Ṣàríà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2002, àwọn olórí ẹ̀sìn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ní Kaduna. Síbẹ̀, rògbòdìyàn tún bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn. Ṣé ẹ̀kọ́ náà já sí asán ni? Rárá o. Bí oko ni àlàáfíà rí: ẹni tó ro ó lẹ́ẹ̀kan, tó sì lọ sùn, koríko ni yóò bá níbẹ̀.

Kí a má rò pé ọ̀rọ̀ Òkè Ọya nìkan ni. Ní oṣù keje ọdún 1999, Yorùbá àti Hausa jà ní Ṣàgámù lórí ọ̀rọ̀ Orò, wọ́n sì gbẹ̀san rẹ̀ ní Kano. Àwa tí a ń kọ́ nípa Orò ní kíláàsì, ǹjẹ́ a ti ṣàlàyé rẹ̀ fún aládùúgbò wa ní Sábó rí? Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tiwa ti bẹ̀rẹ̀.