Kí Ni Ká Yà Sẹ́yìn Rélùwéè?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá gbọ́ pé àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ń bá ọmọ ọdún 14 jà nítorí ọkọ̀ ojú irin ìṣeré, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi ni àgbàlagbà náà, ọmọ ọmọ mi sì ni ọmọ ọ̀hún. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi fà á.

Ọmọ mi tó wà ní Manchester ló fi rélùwéè kékeré kan ránṣẹ́ sí wa ní Agége. Hornby ni wọ́n kọ sí i lára. Ní ọdún 1920 ni ilé iṣẹ́ tí Frank Hornby dá sílẹ̀ ní Liverpool bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ ojú irin ìṣeré tó ń jẹ́ orúkọ yìí. Nígbà tí èmi wà lọ́mọdé, agolo sadíìnì ni ọkọ̀ tiwa, ìdérí ìgò ni ẹsẹ̀ rẹ̀, okùn la sì fi ń wọ́ ọ kiri. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná ló ń sáré eléyìí. Kápẹ́ńtà bá wa kan tábìlì tó gùn ní mítà méjì àti ààbọ̀, a tẹ́ irin sí i.

Ibẹ̀ ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti fi ìlọ́po 76 dín ọkọ̀ yìí kù. Ẹni tó ga ní mítà kan àti ààbọ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ níbẹ̀, kìlómítà kan sì di mítà 13. Bí ẹ bá ṣírò tábìlì wa, ilẹ̀ tó gbà kò tó igba mítà ní ayé gidi. Níbo la ó wá gbé ìlú sí? Níbo ni ojú ọ̀run yóò wà? Ara ògiri ẹ̀yìn tábìlì ni. Àwòrán tí a bá yà síbẹ̀ ni yóò jẹ́ kí ọkọ̀ dà bí ẹni pé ó ń ti ibì kan bọ̀, ó sì ń lọ síbì kan. Bí kò bá sí i, orí tábìlì lásán ló ń yí po.

Nǹkan yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ẹni tó bá ti ya fọ́tò ọdún rí yóò rántí aṣọ tí onífọ́tò máa ń ta sẹ́yìn ènìyàn, tí wọ́n ya òdòdó sí, tàbí àtẹ̀gùn ọkọ̀ òfurufú. Ẹni tí kò wọ pápá ọkọ̀ òfurufú Ìkẹjà rí a dúró gbọin níwájú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ re Lọ́ńdọ̀nù. Seydou Keïta, onífọ́tò ńlá nì tó ṣí sítúdíò ní Bamako ní 1948, aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ ta sẹ́yìn àwọn oníbàárà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹni ló ń sọ irú ẹni tí a jẹ́.

Ọmọ mi ní tirẹ̀ fẹ́ kí a ya Agége òde òní: ibùdókọ̀ tuntun, afárá, àti ọ̀nà irin Red Line tí wọ́n ṣí ní oṣù Kejì ọdún 2024, èyí tó ti Agbádó dé Òyìngbò. Èmi fẹ́ igi obì.

Ó ní, “Bàbá, igi obì dà? Ẹ jẹ́ ká lọ sẹ́bàá ojú irin báyìí, kí ẹ fi ẹyọ kan ṣoṣo hàn mí.”

Mo ní, “Ìwọ ṣá gbọ́ ìtàn ná.”

Mo wá sọ fún un pé ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin láti Ìddó, tí wọ́n sì ṣí ọ̀nà náà dé Ìbàdàn ní oṣù Kẹta ọdún 1901. Igbó ni wọ́n là kọjá níhà tiwa níbí. Àwọn àgbà a máa sọ pé ara àwọn agégẹdú ni orúkọ Agége ti wá. Bí igbó ti ń kúrò ni oko ń wọlé. J. P. L. Davies ti gbin kòkó ní agbègbè yìí kí irin tó dé rárá. J. K. Coker ní oko ńlá ní Ifákò, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì dá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Agége sílẹ̀ ní 1907. Nígbà tó yá, obì gbàǹja gba iwájú. Àwọn oníṣòwò Hausa ń wá rà á níhìn-ín, rélùwéè sì ń gbé e lọ sí Kano.

Ọmọ náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó mú rúlà, ó wọn irin orí tábìlì. Mìlímítà 16 àti ààbọ̀ ni àyè tó wà láàárín irin méjèèjì. Ó fi 76 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 1,254. Ó ní, “Bàbá, 1,067 ni ojú irin àtijọ́, 1,435 ni tuntun. Eléyìí kì í ṣe tiyín, kì í ṣe tèmi.”

Ẹnu yà mí. A wá lọ pe pẹ́ńtà kan tó ń kọ pátákó ṣọ́ọ̀bù ládùúgbò. Mo bi í bóyá kò lè ya obì sápá kan, kó ya ibùdókọ̀ tuntun sápá kejì. Ó mirí. Ó ní, “Bàbá, àwòrán ẹ̀yìn kan, ọjọ́ kan. Ìhà kan ṣoṣo ni oòrùn ti ń ràn níbẹ̀. Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ fún mi.”

Mo jókòó, mo ronú. Ọdún 1962 ló wọ̀ mí lọ́kàn. Kí òmìnira tó dé ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà, nítorí pé abẹ́ rẹ̀ ni Ìkẹjà àti Agége wà títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Ní 1962 yẹn ni Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí ní Ìkẹjà. Lọ́dún náà, èéfín ilé iṣẹ́ wà, igi obì wà.

Ohun tí n kò tíì sọ fún ọmọ náà rí ni mo wá sọ fún un. Bàbá mi ní oko obì lẹ́bàá irin yìí. Kò sẹ́ni tó fipá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló tà á nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ń wá ilẹ̀, owó rẹ̀ ló sì fi rán wa lọ sílé ìwé. Ìwé tí mo kà ni mo fi ríṣẹ́, iṣẹ́ náà ni mo fi tọ́ bàbá tirẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n gé igi náà, bàbá mi kò jáde nílé. Ilé iṣẹ́ kì í sì í ṣe ohun ayérayé: Dunlop tó ń ṣe táyà ní Ìkẹjà ṣíwọ́ ní 2008.

Ọmọ náà kò jiyàn mọ́. Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká ya 1962.”

Pẹ́ńtà kọ́ wa níṣẹ́ ọ̀hún. Ó ní kí a kọ́kọ́ gbé àwòrán dúró kí a tó lẹ igi tàbí ilé kankan mọ́ tábìlì, kí ọwọ́ lè ráyè. Ó fi omi rin ẹ̀yìn pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà, ó rọra tẹ̀ ẹ́ yí igun ògiri po, nítorí pé ojú ọ̀run kì í ní igun. Ọ̀dà tí kì í dán ló lò, kí iná má baà kọ mọ̀nà lára rẹ̀. Ojú ọ̀run dúdú díẹ̀ lókè, ó sì funfun bí ó ti ń sún mọ́ ilẹ̀. Igi tó jìnnà kò gbọdọ̀ tutù yọ̀yọ̀. Ó ní láti rí wúruwùru bí ìgbà ọyẹ́. Ibi tí ilẹ̀ àti ọ̀run ti pàdé, ó ṣe é kó dọ́gba pẹ̀lú ojú wa bí a bá jókòó. Kò ya ènìyàn kankan, ó ní ènìyàn tí kì í mira ló máa ń tú àṣírí àwòrán.

Lálẹ́ ọjọ́ tó parí, a tan iná, ọkọ̀ gbéra. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, “Bàbá, ibo ni oko yín?” Mo na ìka. Kí n má purọ́, kò dá mi lójú. Mo tún na ìka síbòmíràn.

Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn wò. Ọmọ tèmi wo ẹ̀yìn lálẹ́ ọjọ́ náà. Nínú páálí rélùwéè náà, ó mú ọkùnrin oníke kan tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀bá irin, ó dojú rẹ̀ kọ àwọn igi. N kò bi í pé ta ni.