Ẹjọ́ Ilẹ̀ àti Ìtàn Ìdílé ní Ọ̀tà

Àwọn àgbà a máa wí pé, 'A kì í ti kóòtù bọ̀ ṣe ọ̀rẹ́.' Òwe yìí kò lè jẹ́ ògbólógbòó, nítorí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ kóòtù bá wọ ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1861 ni wọ́n gba Èkó; ní 1876 ni òfin ilé-ẹjọ́ gíga wọn fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Kò sí ọ̀ràn tí ó fi òtítọ́ òwe náà hàn bí ọ̀ràn ilẹ̀, pàápàá ní Ọ̀tà, ìlú àwọn Awórì, láti Ojú Ore títí dé Sàngó.

Ní ayé àtijọ́, àlejò kì í ra ilẹ̀. Ìdílé onílẹ̀ a fún un ní ibi tí yóò dá oko sí, òun a sì máa san ìṣákọ́lẹ̀. Igi pérégún ni ààlà. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀, baálé ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bí apá rẹ̀ kò bá ká a, ó di ọ̀dọ̀ ìjòyè, ó di ààfin. Ẹni tí ó jẹ̀bi yóò gba ẹ̀bi rẹ̀, ṣùgbọ́n ète ìdájọ́ ni pé kí àwọn méjèèjì lè tún máa gbé àdúgbò kan náà.

Nígbà tí ilẹ̀ di owó, ọ̀ràn yí padà. Ní 1913, ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá. Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, pe ìjọba lẹ́jọ́. Ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ síbẹ̀ ní 1920. Ní 1921, Privy Council dá Olóyè náà láre pé kí ìjọba san owó ilẹ̀ náà bí ẹni pé ti àwọn ará ìlú ni pátápátá. Nítorí náà, ẹjọ́ pípè kì í ṣe ibi lásán.

Ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ ń bèèrè ẹ̀rí, níbi tí ìwé kò sì sí, ìtàn ni ẹ̀rí. Ní 1957, nínú ẹjọ́ kan tí ó ti Gold Coast wá, Privy Council wí pé bí ìtàn méjì bá takora, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní àìpẹ́ ni kí a fi wọ̀n wọ́n. Ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ka ọ̀nà márùn-ún tí a lè gbà fi ìdí níní ilẹ̀ múlẹ̀. Ìtàn ìbílẹ̀ ni àkọ́kọ́.

Báyìí ni ìtàn ìdílé, tí ó jẹ́ ohun ìrántí àti ìwúrí, ṣe di ohun ìjà. Ní Ọ̀tà, ewu èyí pọ̀. Àwọn Ẹ̀gbá ṣẹ́gun ìlú náà ní 1842. Àwọn kan tú ká, àwọn kan padà, àwọn mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ìbéèrè náà pé 'Ta ni ó kọ́kọ́ tẹ ibí dó?' lè ní ìdáhùn ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ńláńlá dé, tí ilẹ̀ gbówó lórí, a ń ta ilẹ̀ kan fún ẹni méjì, ọmọ sì ń jogún ẹjọ́ baba. Ẹni tí baba ńlá rẹ̀ gba àlejò tọwọ́tẹsẹ̀ wá ń pe ọmọ àlejò náà ní ẹrú. Ọmọ àlejò sì ń búra pé kò sí ẹni tí ó bá baba òun níbẹ̀. Òfin 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, òfin Ìpínlẹ̀ Ògùn ti 2016 sì de àwọn ajagungbalẹ̀, síbẹ̀ ẹjọ́ kò tán.

Kóòtù sàn ju àdá lọ. Kò sí ẹni tí yóò jiyàn èyí. Ṣùgbọ́n adájọ́ lè dá ilẹ̀ padà fún onílẹ̀, kò lè dá ọ̀rẹ́ padà fún ọ̀rẹ́. Olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń gba ìtàn ìlú sílẹ̀ ní láti bèèrè ìgbà tí a sọ ọ́, àti ẹni tí a ń bá ṣẹjọ́ nígbà náà. Ìtàn tí a bá kọ sílẹ̀ kí ìjà tó dé ni yóò ṣe ẹlẹ́rìí fún tọ̀tún tòsì.