Ilé Kan, Ìkòkò Kan: Àwọn Òṣèré Ojú Ọ̀nà Ìkìrun

Ní ọdún 2002 ni Cédric Klapisch, ará Faransé, gbé fíìmù apanilẹ́rìn-ín kan jáde, nínú èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti oríṣìíríṣìí ilẹ̀ Yúróòpù ti kó jọ sí ilé kan ṣoṣo ní Barcelona, tí wọ́n jọ ń jẹ, tí wọ́n jọ ń sùn, tí wọ́n sì jọ ń jà. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn eré oníṣe nílẹ̀ wa yóò rántí irú ilé bẹ́ẹ̀, nítorí inú rẹ̀ gan-an ni ẹ̀rín ti wá bá ìran wa.

Òṣogbo Òròkí, ìlú aró, ni Duro Ladipo, olórí ẹgbẹ́ òṣèré, ti dá Mbari Mbayo, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ ní ọdún 1962. Ibẹ̀ náà ni Kola Ogunmola, tí òun náà ní ẹgbẹ́ òṣèré, fi ṣe ibùjókòó, ibẹ̀ sì ni ilé Oyin Adejobi, ẹlẹgbẹ́ wọn. Láyé ìgbà náà, bí àwọn ẹgbẹ́ òṣèré wọ̀nyí bá gbéra lọ sí apá Ọ̀fà, Ìkìrun Agunbé onílẹ̀ obì ni wọn yóò kọ́kọ́ dé, kí wọ́n tó kan Ìnísà àti Òkukù, àwọn ìlú tí Eko Ende bá ṣe aládùúgbò. Ní ọ̀sán ni ọkọ̀ wọn, tí a kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí lára gàdàgbà, yóò ti máa yí ìlú ká, tí gbohùngbohùn yóò máa ké lórí rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá sì ṣú, àwọn ọmọdé á gbé àpótí ìjókòó wá láti ilé.

Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti ń bọ̀ ni mo fẹ́ kí òǹkàwé bá mi wò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣèré wọ̀nyí jẹ́ ọ̀dọ́ tí kò tíì láya, tí kò tíì lọ́kọ. Ilé ọ̀gá, tàbí yàrá tí wọ́n jọ háyà, ni wọ́n ń sùn sí: ẹni mẹ́ta lórí ẹní kan, ìkòkò ọbẹ̀ kan, àti aṣọ ìmúròde kan tí ó jẹ́ ti ẹni tí ó bá kọ́kọ́ jí. Ahọ́n àti ẹnu a sì máa jà. Ìjà orí ẹran àná lè di eré ọ̀la, nítorí pé ọ̀pọ̀ eré wọn kì í sí ní àkọsílẹ̀. Ọ̀gá á là á bí ìtàn ti lọ, olúkúlùkù á sì wá ọ̀rọ̀ sí ẹnu ara rẹ̀. Karin Barber, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbé Òkukù, tí ó sì kọ ìwé lórí oríkì ìlú náà, bá ẹgbẹ́ Oyin Adejobi rìn, ó sì kọ ìwé nípa wọn ní ọdún 2000.

Irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀ ni ó bí fíìmù apanilẹ́rìn-ín wa. Moses Olaiya Adejumo, Bàbá Sàlá, ọmọ Iléṣà, tí Sunny Ade ti ta gìtá rí nínú ẹgbẹ́ orin rẹ̀, kó ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀, Aláwàdà, wọ inú fíìmù Ọ̀run Móoru ní ọdún 1982. Ola Balogun, tí ó kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní Paris, ni ó sì darí rẹ̀. Ó dùn mí títí di òní pé àwọn ọlọ́ṣà da fíìmù náà kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń tà á kiri, tí gbèsè sì kù sí ọrùn ẹni tí ó pa gbogbo ìlú lẹ́rìn-ín.

Àwọn tí ó jókòó sórí àpótí wo eré lálẹ́ ìgbà náà ṣì wà ní Ìkìrun, ní Ìnísà, ní Òkukù àti ní Eko Ende, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ mọ́. Ìwọ tí o ní bàbá tàbí ìyá àgbà níbẹ̀, jọ̀wọ́, jókòó tì wọ́n, kí o gba ohùn wọn sílẹ̀.